Ẹni Tó Rán Àpò Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Òkété

Ẹ fà mọ́ra, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹni tí nǹkan bá wà lẹ́nu rẹ̀, kó gbé e mì tàbí kó tu ú dànù, nítorí ọkùnrin kan gbé nǹkan sẹ́nu nínú ìtàn yìí, ó sì gbé e jìnnà débi pé kò yẹ kí ẹlòmíràn máa jẹnu nígbà tí wọ́n bá ń sọ ọ́.

Ọdẹ ni mí, ọdẹ ló bí mi, gbogbo yín lẹ sì mọ̀ pé ọdẹ kì í purọ́. Ohun tí a máa ń ṣe ni pé a ń fi òtítọ́ sílẹ̀ nínú igbó fún ìgbà díẹ̀ kó lè sanra kí a tó mú un wálé. Ṣùgbọ́n ìtàn yìí kì í ṣe tèmi. Ti Ọdẹ́lusì ará Òkè-Àràbà ni, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa máa wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi bí mo bá dé ibì kan.

Ọdẹ́lusì mọ ìbọn yìn, kò sí ẹni tó lè gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Àrùn kan ṣoṣo tó ń ṣe é ni pé ẹran kì í bá a délé. Bó bá pa ẹtu, yóò dáná sídìí igi, yóò ní kí òun kàn tọ́ ẹ̀dọ̀ rẹ̀ wò. Láti ẹ̀dọ̀ yóò bọ́ sí itan, láti itan yóò bọ́ sí ẹ̀gbẹ́, nígbà tí yóò bá sì fi dé ilé, ìwo àti ìtàn ló máa ń kù. Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ á gba àpò lọ́wọ́ rẹ̀, á gbọ̀n ọ́n, eérú àti erùpẹ̀ á jáde. Bó bá béèrè ẹran, Ọdẹ́lusì á pòwe fún un pé bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó ro ìyà, bó bá pẹran kò ní fún ẹnì kan jẹ. Àwa ọdẹ la ni òwe náà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó dá a sílẹ̀, wọ́n máa ń pa á tán kí wọ́n tó wá pín ẹran. Ọdẹ́lusì ní tirẹ̀ ti máa ń pín ẹran náà tán láàárín ẹnu àti ikùn rẹ̀ kó tó rántí òwe. Yóò wá jókòó, yóò máa sọ fún àwọn ọmọ bí òun ṣe bá iwin olórí méje jìjàkadì. Àwẹ̀ró á bu omi ọbẹ̀ fún wọn, á ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n, kò sì ní wí ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹran kan ṣoṣo ni Ọdẹ́lusì kò lè jẹ tán nínú igbó, òfin ló sì dì í lọ́wọ́. Ní Òkè-Àràbà, ẹni tó bá pa òkété, orí rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Odidi orí náà, láìfi ọ̀bẹ kàn án, ni yóò gbé fún Olúọdẹ, Olúọdẹ á sì pín irú orí bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn àgbà. Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Nítorí náà, yàtọ̀ sí àwọn àgbà, kò sí ẹni tó mọ ohun tó wà lẹ́nu òkété.

Ní ọjọ́ kan Ọdẹ́lusì ń gbé orí òkété lọ sí ilé Olúọdẹ, ó gbé e dorí kodò, ohun kan sì já bọ́ láti ẹnu rẹ̀. Ó rò pé ekùrọ́ ni. Nígbà tó fi ọwọ́ nù ún, iyùn ni, iyùn pupa tó tóbi bí àtàǹpàkò. Ó ti ìka bọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹran náà, ìka rẹ̀ sì wọlé lọ sí ibi tí kò rò pé ìka lè dé. Ibẹ̀ rọ̀, ó jinlẹ̀, ó ní ẹnu, ó ní ìdí. Ọ̀kan náà sì wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ọdẹ́lusì mọ àpò bó bá rí àpò.

Ẹlòmíràn ì bá gbé iyùn náà lọ sí ààfin lójú ẹsẹ̀. Ọdẹ́lusì gbé e sínú àpò rẹ̀, ó gbé orí òkété fún Olúọdẹ, ó yà sí ilé ẹlẹ́mu. Kí igbá ẹmu kejì tó gbẹ, ó ti yọ iyùn síta, ó ti sọ fún gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ pé ọba àwọn iwin ló bọ́ ọ lọ́rùn ara rẹ̀ fún òun nígbà tí òun mú ẹ̀yìn rẹ̀ balẹ̀. Gbogbo wọn gbà á gbọ́. Ẹni kan tún bu ẹmu fún un nítorí ẹ̀. Ẹni tó bu ẹmu náà, ẹmẹsẹ̀ ni, ìránṣẹ́ ọba, ó sì mọ iyùn náà dáadáa. Iyùn ọrùn Kábíyèsí ni, tó bọ́ sọnù lọ́jọ́ tí ọba lọ wẹsẹ̀ ní etí odò.

Nígbà tí wọ́n fà á dé iwájú ọba ni Ọdẹ́lusì wá sọ òtítọ́, bóyá fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti já ọmú lẹ́nu rẹ̀. Ó ní inú àpò tó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òkété ni òun ti rí i. Ilé rẹ́rìn-ín. Irọ́ tó pa nílé ẹlẹ́mu, wọ́n fi ẹmu gbà á. Òtítọ́ tó gbé wá sí ààfin, ẹnì kankan kò fún un ní àga kó jókòó.

Olórí àwọn oníṣọ̀nà awọ dìde, ó ní òun ti ń rán àpò láti kékeré, àpò ọdẹ, àpò onílù, àpò ìyẹ̀fun, òkété kankan kò sì wá sí ìsọ̀ òun rí. Ó ní ohun tí a kò rán kì í jẹ́ àpò. Àgbàlagbà kan rán an létí pé àpò ìtọ̀ wà, àpò òróòro wà, kò sì sí ẹni tó rán wọn. Oníṣọ̀nà ní ìyẹn jẹ́ ọ̀rọ̀ inú, ẹnu ni wọ́n ń sọ lọ́wọ́. Wọ́n wá yíjú sí Olúọdẹ, ẹni tó ti jẹ orí òkété ju ẹnikẹ́ni lọ ní ìlú náà. Olúọdẹ nu ẹnu rẹ̀, ó ní láti ìgbà tí òun ti ń jẹ orí òkété, eyín àti ahọ́n ni òun ń bá níbẹ̀. Ó wí i láìṣẹ́jú. Àwọn àgbà yòókù wo ilẹ̀.

Kábíyèsí yíjú sí Ọdẹ́lusì. Lẹ́yìn náà ó ní:

“Ọdẹ́lusì, o ní iwin ló fún ọ, o tún ní òkété ni. Èmi kò mọ òkété, ṣùgbọ́n ìwọ mọ iwin. Lọ bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ nínú igbó, kí o béèrè ẹni tó rán àpò fún òkété àti ẹni tó kọ́kọ́ pè é ní àpò, kí o sì mú ẹ̀rí bọ̀. Àwẹ̀ró yóò wà lọ́dọ̀ wa. Bí a bá jẹ iṣu tuntun kí o tó dé, olè ni ọ́, òun náà sì di ará ààfin títí láé.”

Ọ̀rọ̀ bọ́. Ẹ̀yin tí ẹ mọ òwe yóò rántí pé ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ti Ọdẹ́lusì ni pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹran ni ọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀, kó tó wá bá tirẹ̀.

Àwẹ̀ró gbé ọmọ ọwọ́ pọ̀n, ó fa àwọn yòókù lọ́wọ́, ó wọ ààfin lọ. Kò sunkún, kò sì ṣépè. Ó kàn yíjú padà lẹ́ẹ̀kan.

“Baba Ẹniọlá,” ó wí, “ohun yòówù kí ẹ rí níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo yìí, ẹ má jẹ ẹ́ tán lọ́nà.”

Ọ̀rọ̀ yìí dun Ọdẹ́lusì ju ti ọba lọ. Ó fẹ́ pòwe fún un, òwe kò wá.

Ìlú àkọ́kọ́ tó dé nínú igbó náà ni Ìlú Oníkùn. Ẹ má bi mí bó ṣe débẹ̀. Ẹsẹ̀ ló fi rìn. Àwọn ará ibẹ̀ kò ní abà, wọn kò ní ìkòkò, wọn kò sì ní ọ̀rọ̀ kankan tí wọ́n ń pe ọ̀la. Ohun tí wọ́n bá rí, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń jẹ ẹ́. Bí igi bá so, wọ́n á jẹ èso rẹ̀, wọ́n á jẹ ewé, wọ́n á jẹ èèpo, wọ́n á wá jókòó yí kùkùté ká, wọ́n á máa sunkún ebi. Ikùn wọn tóbi ju ara wọn lọ, ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi ń gbé e kiri.

Nígbà tí wọ́n rí àpò léjìká Ọdẹ́lusì, àánú rẹ̀ ṣe wọ́n. Baálẹ̀ wọn bi í pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé àrùn wo ló gbé ikùn rẹ̀ lọ sí èjìká. Ọdẹ́lusì wú, ó sọ fún wọn pé àpò ni, àpò ọdẹ, àpò tí baba òun fi sílẹ̀ fún òun, inú rẹ̀ sì ni ọdẹ ń kó ohun tí yóò jẹ lọ́la sí. Wọ́n ní kí ni ọ̀la. Ọkùnrin tó lè sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ kò rí èsì kan fún wọn, nítorí bó bá rò ó dáadáa, òun náà kò fi ohunkóhun sínú àpò náà fún ọ̀la rí. Wọ́n ní kó jẹ́ kí àwọn wo inú rẹ̀. Ó dà á dorí kodò, eérú jáde, erùpẹ̀ jáde, ẹ̀tù díẹ̀ tó dì sínú ewé náà jáde. Baálẹ̀ mi orí. Ó ní ikùn tó ti kú ni, pé ní ìlú àwọn, a kì í jẹ́ kí ikùn tó kú bàjẹ́ sára ènìyàn.

Wọ́n já a lọ́rùn rẹ̀, wọ́n sì jẹ ẹ́. Wọ́n jẹ awọ, wọ́n jẹ okùn, wọ́n lá ẹ̀tù bí ẹni lá iyọ̀, wọ́n sì ń kí Ọdẹ́lusì kú ewu pé ara rẹ̀ ti yá. Ọdẹ́lusì gbé ìbọn dúró, ìbọn tí kò ní ẹ̀tù mọ́, ó ń wo bí àwọn àjèjì ṣe ń fi eyín fa àpò baba rẹ̀ ya. Kí wọ́n tó jẹ ẹ́ tán, ó rí nǹkan kan: kò sí èyí tó bá a wí nínú wọn. Ara wọn ni wọ́n kà á mọ́. Ẹ̀rù bà á ju ti iwin olórí méje lọ, èyí tí òun fúnra rẹ̀ mọ̀ pé kò sí.

Ó kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú èjìká òfìfo, ó dé ẹnu ibodè igbó Ìyá Òkété. Ìyá Òkété ni ìyá gbogbo òkété ayé, òun nìkan ló kù nínú àwọn tó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń pín ara fún ẹran. Iwin méjì ló ń ṣọ́ ibodè rẹ̀. Ọ̀kan tínrín, àwọ̀ rẹ̀ dàbí ewé tó fẹ́ pọ́n, ó fún ẹnu pọ̀ bí ẹni tó mu agbo. Òróòro ni wọ́n ń pè é. Èkejì sanra, ó rọ̀, kò lè dúró sójú kan. Ìtọ̀ ni orúkọ tirẹ̀. Àwọn méjèèjì ti ń jà láti ọjọ́ tó ti pẹ́ lórí èwo nínú wọn ni orúkọ àpò kọ́kọ́ tọ́ sí. Ẹni tó bá ń kọjá ni yóò dájọ́, adájọ́ kò sì gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀, ì báà ṣe láti tọ̀, títí yóò fi wí tẹnu rẹ̀. Èyí burú fún Ọdẹ́lusì, nítorí ebi ti jẹ́ kó mu omi odò púpọ̀ lọ́nà.

Òróòro ní ohun kíkorò ni òun ń tọ́jú, kí ẹnu lè rí i sọ pé ẹran dùn. Ó ní ọjọ́ tí ọ̀bẹ bá gún òun ni gbogbo ilé ń mọ̀ pé òun wà, wọn kì í dúpẹ́ lọ́wọ́ òun ṣáájú ọjọ́ náà. Ìtọ̀ ní ìtìjú ni òun ní tòun ń tọ́jú. Ó ní bí kì í bá ṣe òun, ọkùnrin wo ni ì bá jókòó níwájú àna rẹ̀ kó kí i tán? Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn baba ńlá wọn. Oòrùn yí. Ọdẹ́lusì fi ẹsẹ̀ kan lé èkejì, ó ń làágùn. Nígbà mìíràn ì bá ti kó òwe bí ogún dà sílẹ̀ kó tó dájọ́. Lọ́jọ́ náà ó ní:

“Àpò ni ẹ̀yin méjèèjì, nítorí ohun tí wọ́n fi sí yín lọ́wọ́, ẹ kò jẹ ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kọjá.”

Àwọn iwin méjèèjì wo ara wọn. Wọ́n ní láti ìgbà tí àwọn ti wà níbẹ̀, kò sí ọlọ́gbọ́n tó gé ọ̀rọ̀ kúrú báyìí rí. Ọdẹ́lusì kò gbọ́ oríyìn náà. Ó ti wà lẹ́yìn igbó.

Abẹ́ gbòǹgbò ọ̀pẹ kan tó gbó ju ìtàn lọ ni Ìyá Òkété jókòó sí. Ojú rẹ̀ ti fọ́, irun imú rẹ̀ ti funfun, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì rọ̀ wálẹ̀. Ẹ mọ̀ pé bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Ṣùgbọ́n èyí kò ní ọmọ tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́. Ọdẹ́lusì kò tíì kí i tán tó fi gbé imú sókè.

“Mo mọ̀ ọ́,” ó wí. “Mo mọ òórùn eérú rẹ. Ìwọ lo máa ń jẹ àwọn ọmọ mi sídìí igi, tó o máa ń gbé orí wọn nìkan lọ sílé. Jókòó.”

Ọdẹ́lusì jókòó. Kò sí irọ́ kankan lẹ́nu rẹ̀. Ó sọ ẹjọ́ iyùn fún un, ó sọ ti Àwẹ̀ró, ó ní wọ́n ní kí òun béèrè ẹni tó rán àpò ẹ̀rẹ̀kẹ́ òkété àti ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ. Ìyá Òkété rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wá sọ fún un.

Ó ní nígbà tí Ẹlẹ́dàá ń pín ara, ikùn nìkan ló fún gbogbo ẹran, ó sì fi ebi sínú rẹ̀. Kò sí ẹran tó ní ibi tí yóò gbé oúnjẹ sí láìjẹ ẹ́. Nígbà tí ọ̀dá dé, ọ̀pẹ tó so jìnnà sí ihò òun. Òun á rìn lọ, òun á jẹ, òun á padà wá pẹ̀lú ikùn kíkún, òun á sì bá àwọn ọmọ òun nínú ihò, ojú wọn kò tíì là, ebi ti ń pa wọ́n kú. Gbogbo oúnjẹ náà wà lára òun, kò sì sí ọ̀nà tí òun lè gbà yọ ọ́ fún wọn. Ọ̀kan kú, òmíràn kú. Òun padà lọ bá Ẹlẹ́dàá. Òun kò tọrọ oúnjẹ. Òun ní kó fún òun ní ibì kan lára òun tí ebi òun kò ní lè dé. Ẹlẹ́dàá fi àtàǹpàkò ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ òun wọnú, ọ̀tún àti òsì, ó ní kí òun máa lọ.

“Kò sí ẹni tó rán an,” ó wí. “Ti orúkọ rẹ̀, àwọn ọmọ mi ló sọ ọ́. Wọn kò rí ojú mi, wọn kò mọ bí mo ṣe rí. Bí mo bá wọlé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ni wọ́n ń fọwọ́ wá, ọ̀tún àti òsì, wọ́n á máa pe àpò, àpò. Wọ́n mọ àpò kí wọ́n tó mọ̀ pé ìyá wà nídìí rẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni bàbá ńlá yín kan rí mi lọ́nà, ó pa àkọ́bí mi, ó fi awọ rẹ̀ rán ohun tó gbé kọ́ èjìká. Ó rí ohun tí mo ń ṣe, ó sì gba orúkọ rẹ̀ mọ́ ọn. Tìrẹ dà?”

Ọdẹ́lusì ní wọ́n jẹ ẹ́ ní Ìlú Oníkùn. Ìyá Òkété ní kò burú, pé ikùn ni wọ́n jẹ, wọn kò tíì jẹ àpò kankan. Ọdẹ́lusì tẹ orí ba. Ojú tì í, ó sì mọ̀ pé ojú ń ti òun.

Ìyá Òkété wá nawọ́ sínú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀, ó yọ ekùrọ́ kan tó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà ọ̀dá náà, èyí tó gbé bọ̀ fún ọmọ tó kú kó tó dé. Ekùrọ́ náà ń dán, òórùn rẹ̀ nìkan mú omi kún ẹnu Ọdẹ́lusì. Ó ní ẹ̀rí rẹ̀ nìyí. Nígbà tí kò ti ní àpò mọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni kó fi gbé e. Bó bá gé e jẹ, gbogbo ohun tó gbọ́ yóò fò lórí rẹ̀. Bó bá gbé e mì, ìyẹn náà ni. Bó bá la ẹnu sọ̀rọ̀ kó tó délé, ekùrọ́ yóò bọ́, ilẹ̀ yóò sì gbé e.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti gbọ́ ìtàn àwọn tó la iná kọjá. Mo ti gbọ́ ti ẹni tó gun ẹ̀yìn ọ̀nì sọdá òkun. Kò sí èyí tó tó èyí tí wọ́n gbé lé Ọdẹ́lusì lọ́wọ́, pé kó gbé ohun tó dùn sẹ́nu kó má jẹ ẹ́, kó sì rìn kọjá láàárín ènìyàn kó má sọ̀rọ̀.

Ekùrọ́ náà ń dùn lójú ọ̀nà. Ahọ́n rẹ̀ á yọ́ lọ síbẹ̀, á tọ́ ọ wò, eyín rẹ̀ á fẹ́ tẹ̀ lé ahọ́n. Ó gbá ara rẹ̀ létí lẹ́ẹ̀mejì. Ní Ìlú Oníkùn wọ́n rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó wú, wọ́n ní ikùn tún ti ń hù sí i lórí, wọ́n sì fẹ́ wò ó sàn. Ó sá. Èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á ni ti Àkànjí.

Àkànjí, ọdẹ ni òun náà, ará Òkè-Àràbà kan náà. Nínú ahéré kan létí igbó ni Ọdẹ́lusì ti bá a, àwọn àgbẹ̀ yí i ká, ó ń sọ fún wọn bí òun ṣe pa ẹfọ̀n ńlá kan ní etí odò. Ọdẹ́lusì mọ ẹfọ̀n náà. Òun ló pa á. Ohun kan tó ṣe láyé rẹ̀ tí kò sí àbùlà kankan nínú ni, Àkànjí sì ti bọ́ ọ wọ̀ bí ẹ̀wù. Ó tilẹ̀ ní ojú ọ̀tún ni òun ti yìn ín. Ojú òsì ni. Ẹ̀jẹ̀ ru sí Ọdẹ́lusì lójú. Ó nàka, ó fẹ́ la ẹnu, ekùrọ́ yí gbirigbiri dé ẹ̀yìn ètè rẹ̀. Ó rántí Àwẹ̀ró bó ṣe yíjú padà. Ó pa ẹnu dé. Àkànjí ní ẹ wò ó, Ọdẹ́lusì wà níbẹ̀, ẹ bi í bí kò bá rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n bi í. Ó dákẹ́. Wọ́n ní ẹni tó dákẹ́ ti gbà. Ó jáde nínú ahéré náà, ó sì sunkún bí ó ti ń lọ, nítorí ẹfọ̀n náà ti di ti Àkànjí títí dòní.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ààfin kí n tó mú un wọlé. Kò pẹ́ tí Ọdẹ́lusì lọ tí àwọn ìránṣẹ́ pa òkété kan nínú abà iṣu ọba. Wọ́n fẹ́ gbé orí rẹ̀ fún Olúọdẹ bí ìṣe wọn. Àwẹ̀ró tó ń gbọ́ oúnjẹ níbẹ̀ ní kí wọ́n fún òun ní ọ̀bẹ. Wọ́n ní èèwọ̀ ni. Ó ní òun ti di ará ààfin lábọ̀, èèwọ̀ ààfin ni kí wọ́n sọ fún òun, kì í ṣe ti ọdẹ. Ojú Kábíyèsí ló ti la ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹran náà. Àgbàdo jáde, ekùrọ́ jáde, bọ́tìnnì kan sì jáde tí gbogbo ilé mọ̀ pé ara ẹ̀wù Olúọdẹ ló ti já.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Olúọdẹ. Nígbà tó rí bọ́tìnnì rẹ̀, kò janpata. Ó ní àwọn àgbà mọ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ó ní ekùrọ́ tí iná bá yan nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́ òkété, kò sí ohun tó dùn tó o láyé, bí àwọn bá sì sọ fún ọ̀dọ́, ta ni yóò tún máa gbé orí odidi wá? Kábíyèsí ní kí Àwẹ̀ró máa lọ sílé. Àwẹ̀ró kúnlẹ̀ dúpẹ́, ó sì ní bí kò bá ní bí ọba nínú, òun fẹ́ dúró. Ó ní wọ́n ti dá òun sílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọkọ òun kò mọ̀. Òun fẹ́ mọ̀ bóyá yóò wá gba òun, òun sì fẹ́ mọ ohun tí yóò mú dání.

Ọjọ́ iṣu tuntun gan-an ni Ọdẹ́lusì wọlé, èjìká òfìfo, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan wú. Ilé kún. Gbogbo wọn ti múra ìtàn, àwọn kan ti gbé àpótí súnmọ́ iwájú. Kábíyèsí ní kó sọ̀rọ̀. Ọdẹ́lusì dọ̀bálẹ̀, ó dìde, kò sì sọ nǹkan kan. Wọ́n ní iwin ti gba ohùn rẹ̀. Ó kọjá níwájú ọba, ó lọ bá Àwẹ̀ró nídìí ọlọ.

Àwẹ̀ró wo èjìká rẹ̀. Kò sí àpò níbẹ̀. Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì, ẹni tó bá ti retí ènìyàn rí yóò mọ irú ojú bẹ́ẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó nawọ́, ó fọwọ́ kàn án, ó sì tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sábẹ́ ẹnu rẹ̀. Ọdẹ́lusì la ẹnu. Ekùrọ́ náà bọ́ sí i lọ́wọ́, ó tutù, odidi ni, kò sí ojú eyín kankan lára rẹ̀.

Àwẹ̀ró wò ó títí. Ohun àkọ́kọ́ ni tí ọkọ rẹ̀ gbé bọ̀ fún un láìgé e jẹ lọ́nà.

Kábíyèsí ní àwọn ti gbà pé àpò wà, ta ló wá sọ ọ́ lórúkọ? Ọdẹ́lusì gbìyànjú láti fèsì, ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti gan. Ibi tó ti ń jà pẹ̀lú ẹnu ara rẹ̀ ni ọmọ ọwọ́ tó wà lẹ́yìn Àwẹ̀ró ti nawọ́. Ó rí ibi tí ekùrọ́ ti jáde. Ó gbá ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì baba rẹ̀ mú, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń wá a, bóyá òmíràn wà níbẹ̀. Ọdẹ́lusì fi ìka han ọmọ náà, ó mi orí bẹ́ẹ̀ ni sí ọba, omi sì bọ́ lójú rẹ̀.

Àwẹ̀ró ló sọ̀rọ̀.

“Kábíyèsí,” ó ní, “ohun tó wọ ikùn ti tán. Ohun tí a fi gbé nǹkan bọ̀ wálé fún ẹlòmíràn ni àpò. Ẹ má bi í mọ́, ó ti sọ tán.”

Oníṣọ̀nà awọ fẹ́ dìde bá a jiyàn, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fà á lẹ́wù jókòó. Ọba ní ekùrọ́ ni alábàákú ẹ̀wà, kí wọ́n gbé ekùrọ́ náà pamọ́ sínú ààfin kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè máa rí i. Ó ti pẹ́ jù. Àwọn ọmọ Ọdẹ́lusì ti fi ọmọ ọlọ fọ́ ọ nígbà tí àwọn àgbà ń sọ̀rọ̀, wọ́n ti pín in, wọ́n ti jẹ ẹ́. Kábíyèsí wo èèpo rẹ̀ nílẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ náà, orí òkété ní Òkè-Àràbà, ìyàwó ọdẹ ló ni í. Olúọdẹ kò tíì gbàgbé. Wọ́n rán àpò tuntun fún Ọdẹ́lusì, bó bá sì ti oko ọdẹ dé, Àwẹ̀ró á gbọ̀n ọ́n, ẹran á jáde, ìgbà mìíràn kékeré, ìgbà mìíràn ńlá. Ti ẹnu rẹ̀ ńkọ́? Nígbà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ rọ̀ tán ló bẹ̀rẹ̀, kò sì tíì dákẹ́. Ìlú Oníkùn ti di méje lẹ́nu rẹ̀, Òróòro àti Ìtọ̀ sì ti ní ìyẹ́.

Èmi ní tèmi, bí mo ṣe gbọ́ ọ ni mo ṣe gbé e wálé fún yín, n kò jẹ ẹ́ tán lọ́nà. Bí ẹ bá gbọ̀n ọ́n wò tí ẹ rí i pé itan kan dín lára rẹ̀, ẹ má bínú. Ọ̀nà jìn, ọdẹ sì ni mí.